Yíyan Ẹ̀rọ Pọ́líìṣì Mọ́tò

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akunmọ́tò, àwọn afọmọ́tò àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn sọ ní kíláàsì àṣálẹ́

Ẹ ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, ẹ̀yìn ń ro yín, síbẹ̀ ẹ tún wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé láti kọ́ ìwé. Iṣẹ́ yín kò ní já sí asán.

Lálẹ́ òní, a kò ní ka ìtàn ìjàpá. Ẹ̀rọ tí a fi ń pọ́líìṣì ara mọ́tò ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: bí a ti ń yàn án lọ́jà, àti ohun tí a gbọ́dọ̀ kà lára rẹ̀ kí a tó sanwó. Ẹ lè ní, "Tíṣà, kí ni ẹ mọ̀ nípa mọ́tò?" Òótọ́ ni. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti ṣe ọ̀gá àgbà. Ṣọ́ọ̀kì ni ó máa ń kun ọwọ́ wa, kì í ṣe ọ̀dà. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì yìí tí ó mú kí a lọ jókòó ti àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà, kí a bi wọ́n léèrè, kí a sì ka ìwé tí ń bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun náà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀

Akunmọ́tò kan wà láàárín wa. Ó ti lé ní 20 ọdún tí ó ti ń kun mọ́tò ní Ìbàdàn níhìn-ín. Bí ó bá fi ọwọ́ pa ara mọ́tò, ó mọ ibi tí wọ́n ti gbá a rí, ó sì mọ ibi tí wọ́n ti fi pọ́tì dí i. Ọwọ́ ni ó fi ń pọ́líìṣì: àkísà, kọ́ńpáǹdì, àti òógùn ojú rẹ̀. Odidi ọjọ́ kan ni mọ́tò kan ń gbà á. Nígbà tí èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó kó owó àjọ rẹ̀, ó ní òun yóò ra ẹ̀rọ.

Ó bẹ̀ wá pé kí a bá òun dé ọjà. A ní a kò ráyè, pé kí ó máa lọ, ẹni tí ń tà á yóò ṣàlàyé fún un. Ẹni tí ń tà á ṣàlàyé lóòótọ́! Ó de fóòmù mọ́ ẹnu ẹ̀rọ kan, ó tẹ súìṣì, ẹ̀rọ ń yí fìrìfìrì. Ó ní, "Bàbá, pọ́líṣà gidi nìyí. Ẹ ó gbádùn ẹ̀." Ọ̀rẹ́ wa sanwó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ó kọ́kọ́ gbé e lé ara mọ́tò oníbàárà kan, mọ́tò dúdú kan báyìí tí wọn yóò fi gbé ìyàwó lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun kò tíì ka ení, èjì, ẹ̀ta tí òun fi gbọ́ òórùn nǹkan tí ń jó. Ọ̀dà etí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ṣí kúrò, ọ̀dà ìpìlẹ̀ aláwọ̀ eérú ti ń wò ó lójú. Gbogbo òru ọjọ́ náà ni ó fi tún bọ́nẹ́ẹ̀tì kùn. Owó ara rẹ̀ ni ó fi ra ọ̀dà, kò gba kọ́bọ̀, oníbàárà náà kò sì padà wá mọ́ títí di òní.

Ní ọjọ́ Ajé, ó fi àkísà wé ẹ̀rọ náà, ó gbé e wá sí kíláàsì, ó gbé e lé orí tábìlì wa. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára." A kà á. Ó wà níbẹ̀ gbangba: 11000. Ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin ni wọ́n tà fún un.

Ẹ̀yin ará, ojú tì wá. Oṣù mẹ́fà ni ó ti ń jókòó níwájú wa. A ti kọ́ ọ ní "ajá", a ti kọ́ ọ ní "adé", ó sì ti lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò tíì kọ́ ọ láti ka nọ́ńbà tí ó ju 100 lọ. Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ kí ó lè kà jù lọ, àwa ní ó di ìwé kejì. Ẹ̀bi wa ni. Gbèsè náà ni a fẹ́ san lálẹ́ òní.

Ọ̀dà mọ́tò kò nípọn

Kí ẹ tó yan ẹ̀rọ, ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbé e lé. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, irin ni ó wà nísàlẹ̀. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà tí ó ní àwọ̀. Lókè pátápátá ni èyí tí ẹ̀yin akunmọ́tò ń pè ní kílíà, tí ó mọ́ gaara bí gíláàsì. Kílíà yìí ni ó ń dán. Òun náà ni iyanrìn inú àkísà àti eruku ọyẹ́ máa ń họ, tí ẹ fi ń rí ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn nígbà tí oòrùn bá tàn sí mọ́tò.

Ẹlòmíràn rò pé ńṣe ni pọ́líìṣì ń dí ìlà náà. Rárá o. Ńṣe ni ó ń họ díẹ̀ kúrò lára kílíà títí ojú rẹ̀ yóò fi tẹ́jú dé ìsàlẹ̀ ìlà yẹn. Ó dára, báwo ni kílíà ti nípọn tó? Ẹ mú rúlà àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ẹ wo mìlímítà kan, àlàfo kékeré tí ó wà láàárín ìlà méjì. Ẹ pín in sí ọ̀nà 20. Ìdá kan ṣoṣo nínú 20 yẹn ni kílíà tí wọ́n kùn láti ilé iṣẹ́ máa ń tó. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Irun orí ọ̀pọ̀ nínú wa nípọn jù ú lọ!

Nítorí náà, ohun tí a bá ti họ kúrò, ó lọ nìyẹn; kò tún ní hù mọ́. Etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, etí ilẹ̀kùn àti gbogbo ibi tí irin ti ṣẹ́ kọrọ ni ọ̀dà ti máa ń tín-ín-rín jù. Ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rẹ́ wa gbé ẹ̀rọ lé.

Ẹ̀rọ mẹ́ta tí ó jọra

Ẹ̀rọ mẹ́ta ni ó lè wà lórí àtẹ kan náà, tí ojú yóò fi ṣì wọ́n mú.

Èkíní ni ẹ̀rọ tí wẹ́dà fi ń gé irin, tí àwọn kan ń pè ní fáìlìn. Èyí tí ó kéré nínú rẹ̀ máa ń yí tó nǹkan bí ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan. Irin ni wọ́n ṣe é fún.

Èkejì ni pọ́líṣà oníyípo, èyí tí ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ó ń yí lójú kan bí òkòtó. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 600, ó sì máa ń dé 3,000 tàbí kí ó lé díẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pọ́líṣà tí ń yí tí ó tún ń jó káàkiri bí ó ti ń yí. Nítorí pé kì í dúró lójú kan, kì í tètè mú ọ̀dà gbóná.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré. Ìṣẹ́jú-àáyá 60 ni ó wà nínú ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi 60 pín 600, ó di 10. Ìgbà mẹ́wàá ni ẹ̀rọ yẹn yí kí ẹ tó pe "ení" tán. Ẹ fi 60 pín 3,000, ó di 50. Ẹ wá fi 60 pín 11,000: ó lé ní 183! Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn kíákíá báyìí. Ṣé ẹ rí i pé ó ń gbóná? Ohun tí ó jó bọ́nẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn.

Èwo ni kí ẹ wá rà nínú àwọn méjì tó kù? Ẹ wo iṣẹ́ yín. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni ẹ ń fọ mọ́tò, tí ẹ sì fẹ́ kí ó máa dán, tàbí bí ọwọ́ yín kò tíì mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ẹ̀kẹta ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Kò yára, ṣùgbọ́n ó ń dárí jini. Bí ẹ bá jẹ́ akunmọ́tò tí ń kun ọ̀dà tuntun, tí ẹ sì ń fi sáńpépà olómi 1500 tàbí 2000 ra kílíà kí ó lè tẹ́jú, èkejì, oníyípo, ni yóò tètè pa ojú sáńpépà rẹ́. Ó yára, ṣùgbọ́n kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Bí ọwọ́ kò bá sì tọ́ sí i, ó máa ń fi àmì yípoyípo sílẹ̀, tí ẹ kò ní rí nínú ibòji, tí oníbàárà yóò rí nínú oòrùn.

Ohun márùn-ún tí a gbọ́dọ̀ kà

Lára ẹ̀rọ tí ó bá pójú owó, àwo pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí wọ́n kọ nǹkan sí. Kí ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tí ó wẹ́ dẹ́rù bà yín. Ẹ nu eruku rẹ̀ nù, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ sì wá ohun márùn-ún yìí.

1. Orúkọ ẹ̀rọ àti iye yíyí. Bí ẹ bá rí POLISHER, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P, ó kù díẹ̀ kí ẹ yọ̀. Bí ó bá jẹ́ GRINDER, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú G, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ wá iye yíyí. Wọ́n lè kọ "rpm" tàbí "/min" tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà méjì ni kí ẹ máa wá, báyìí: 600–3000. Èkíní ni ìwọ̀n tí ó lọ́ra jù, èkejì ni èyí tí ó yára jù. Bí ó bá jẹ́ 11000 nìkan ni ẹ rí, ẹ kí ọlọ́jà pé ó dàbọ̀.

2. Fóòtì. Ẹ wá lẹ́tà V. Iná ilẹ̀ wa jẹ́ 230 V, ó sì jẹ́ 50 Hz. Bí ẹ bá rí 220 tàbí 230 tàbí 240, kò sí ewu. Bí ẹ bá rí 110 tàbí 120, ẹ ṣọ́ra. Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà máa ń jẹ́ 120. Láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, irinṣẹ́ tí wọ́n lò níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé lè jẹ́ 110. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nípa púlọ́ọ̀gì rẹ̀ tí ó pọ́n bí ẹyin inú ẹyin adìẹ. Ẹlòmíràn yóò gé púlọ́ọ̀gì yẹn kúrò, yóò fi tiwa sí i, yóò ní ó ti dọ́gba. Kò dọ́gba. Bí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa láìsí ẹ̀rọ tí ń dín iná kù, èéfín ni yóò fi kí yín.

3. Wáàtì. Ẹ wá lẹ́tà W. Ọ̀pọ̀ pọ́líṣà oníyípo tí a fi ń ṣiṣẹ́ gidi wà láàárín 1,000 sí 1,400. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n nítorí jẹnẹrétọ̀ yín. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹ̀yin ènìyàn sọ ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé ju nǹkan bí 650 lọ. Iná gílóòbù àti fáànù ni ó mọ̀. Bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ 1,200, ẹ má ṣe lo jẹnẹrétọ̀ tí kò bá tó 2,000, nítorí pé ẹ̀rọ máa ń fa iná púpọ̀ nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra.

4. Ẹnu ìdè. Níbi tí a ti ń de àwo tí ń di fóòmù mú, irin kan wà tí ó ní okùn bíi ti nọ́ọ̀tì. Bí wọ́n bá kọ M14, ó túmọ̀ sí pé irin náà fẹ̀ tó mìlímítà 14. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ 5/8, ìyẹn ni pé a pín íǹṣì kan sí ọ̀nà mẹ́jọ, a mú márùn-ún. Àwo M14 kò bá irin 5/8 mu. Ẹ mọ ti yín, kí ẹ má baà máa ra ohun tí kò ní wọlé.

5. Ìwúwo. Ẹ wá "kg". Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà láàárín kílò méjì sí kílò mẹ́ta àbọ̀. Lọ́jà, kò jọ nǹkan kan. Lára ilẹ̀kùn mọ́tò, nígbà tí ó bá di wákàtí kejì, ẹ ó mọ̀. Ẹ gbé e sókè fún ìṣẹ́jú márùn-ún níwájú ọlọ́jà, ẹ má tijú. Apá yín ni yóò ṣiṣẹ́, kì í ṣe apá rẹ̀.

Ohun tí a kò kọ sí ara ẹ̀rọ

Lẹ́yìn kíkà, ẹ ní kí wọ́n fi iná sí i. Ẹ̀rọ tí ó dára kì í fò dìde lọ́wọ́ ẹni bí àgbò tí ó já okùn. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gbéra. Ẹ yí nọ́ńbà ìyára rẹ̀ láti 1 lọ sókè, kí ẹ gbọ́ bóyá ohùn rẹ̀ ń yípadà. Bí ó bá ń lọ ní ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wò bóyá àwo iwájú rẹ̀ ń jó wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ béèrè ibi tí kábọ̀n rẹ̀ wà, bóyá ẹ lè fúnra yín pààrọ̀ rẹ̀, àti bóyá wọ́n ní i lọ́jà. Ohun kékeré ni kábọ̀n, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ tán tí kò sí òmíràn, gbogbo ẹ̀rọ di ẹrù.

Ẹ wo ẹ̀yìn àwo tí ń di fóòmù mú pẹ̀lú. Wọ́n máa ń kọ ìyára tí ó lè gbà sí i. Kò gbọdọ̀ kéré sí ti ẹ̀rọ, kí ó má baà já fò lójijì. Ní ti ohun tí ẹ ó fi bò ó, irun àgùntàn ni ó ń họ kílíà kíákíá jù. Fóòmù tí ó le tẹ̀ lé e. Fóòmù tí ó rọ̀ ni a fi ń parí iṣẹ́.

Nígbà tí ẹ bá sì gbé e délé, ẹ má fi mọ́tò oníbàárà kọ́ iṣẹ́. Ẹ lọ wá ògbólógbòó bọ́nẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ àwọn pánẹ́ẹ̀lì-bítà. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ fi téèpù bo etí rẹ̀. Ẹ fi ìyára tí ó kéré jù tẹ́ kọ́ńpáǹdì, kí ẹ tó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dúró lójú kan. Ẹ máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin wò. Bí ó bá ń gbóná, ẹ sinmi. Ẹ gbé wáyà kọ́ èjìká, ẹ wọ gíláàsì ojú, ẹ má wọ aṣọ tí ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára. Ó jọ pé wọ́n ti rí pọ́líṣà kí wọ́n tó sọ ọ́.

Ọjà ẹ̀ẹ̀kejì

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ wa ti parí. Oṣù márùn-ún ni ó tún fi dá àjọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, a pa ìwé onítìjàpá tì, nọ́ńbà ni a ń kà: ọgọ́rùn-ún, ẹgbẹ̀rún, ẹgbàá. A ń ya àwòrán àwo ara ẹ̀rọ sí pátákó, a ń ní kí ó wá V, kí ó wá W. Nígbà tí owó pé, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ráyè lónìí?" A ní a ráyè. Ṣùgbọ́n a ti bá ara wa sọ ọ́ pé a kò ní bá a ka nǹkan kan.

Ní ìsọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan tí ó ń dán gbinrin jáde. Wọ́n ní Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ó fi ìka tọ lẹ́tà rẹ̀ lọ títí. Ó ní, "Ọ̀kan, méjì, òdo. V. Èyí kì í ṣe ti iná wa." Ọlọ́jà ní, "Bàbá, ó ń ṣiṣẹ́ o, gbogbo èèyàn ló ń rà á." Ó rọra gbé e kalẹ̀.

Ní ìsọ̀ kẹta, ó mú òmíràn. Ó kà á, ó gbójú sókè wò wá. Àwa ń wo ojú ọ̀run. Ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀: P, ó wà. 600–3000, ó wà. 230 V. 1200 W. M14. Ó gbé e dání, ó dúró bẹ́ẹ̀ títí apá fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ní, "Èyí ni." Nígbà tí wọ́n já rìsíìtì fún un, ó ka òun náà. "Ẹ̀rọ kan" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó dá a padà, ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, kọ irú ẹ̀rọ tí mo rà, kí o sì kọ nọ́ńbà rẹ̀." Ọmọkùnrin náà kọ ọ́.

A ti ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, a ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó yege ìdánwò. Kò sí èyí tí inú wa dùn sí tó ti ọjọ́ náà.

Ní ìsọ̀ rẹ̀ lónìí, ọmọ iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ kan tí kò bá tíì ka ara rẹ̀ sókè kí ọ̀gá gbọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ìwé kíkà ni ojú kejì tí oníṣẹ́ ní.

Iṣẹ́ ilé yín nìyí. Lọ́la, kí olúkúlùkù mú irinṣẹ́ kan wá láti ìsọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ nǹkan sí lára: ìbáà ṣe dírílì, ìbáà ṣe ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ìbáà ṣe agolo ọ̀dà. Ẹ gbé e wá bí ó ti wà, pẹ̀lú gírísì rẹ̀. A ó jọ kà á.

Ó dàárọ̀ o.